Igi Gbígbìn Nìkan Kọ́: Bí Àwọn Ará Etí Òkun Ṣe Ń Dá Igbó Máńgírófù Padà fún Ọmọ Àkurákudà

Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn ará abúlé kan ń tọ́jú igi kí àkurákudà má baà parun, ó lè rò pé ọ̀rọ̀ méjì tí kò tan mọ́ra ni wọ́n so pọ̀. Orí ilẹ̀ ni igi ń gbé, àkurákudà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ekurá, sì ń gbé inú agbami. Síbẹ̀, ibì kan wà tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé, ibẹ̀ sì ni àwọn irú àkurákudà kan ti ń lo ìgbà èwe wọn. Ibẹ̀ ni igbó máńgírófù, ìyẹn igbó igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí òkun àti ẹnu odò, níbi tí omi iyọ̀ ti ń kún wọlé, tí ó sì tún ń fà padà, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìròyìn ayẹyẹ igi gbígbìn ló sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí wa, nítorí náà ohun púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í yé ènìyàn: kí ni a ń pè ní ibi ìtọ́mọ àkurákudà, kí ni igi ń ṣe níbẹ̀, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ igi tí wọ́n gbìn fi ń kú, kí sì ni ìtumọ̀ pé ará ìlú ló ń ṣíwájú iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹja náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí àkurákudà ṣe ń bímọ kò ní mọ ìdí tí igbó etí òkun fi ṣe pàtàkì sí i. Ọ̀pọ̀ ẹja tí a mọ̀ máa ń yé ẹyin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọn a sì fi wọ́n sílẹ̀ fún omi. Bí púpọ̀ bá tilẹ̀ ṣègbé, ìwọ̀nba tó bá yè tó láti rọ́pò àwọn àgbà. Àkurákudà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú irú rẹ̀ tó lé ní 500 tó wà láyé, àwọn kan ń yé ẹyin, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ń bí ọmọ láàyè, ọmọ náà kì í sì í pọ̀. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní lemon shark, tó ń gbé etí Òkun Àtìláńtíìkì. Abo rẹ̀ lè tó ọmọ ọdún 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, ó ń gbé oyún fún bí oṣù 10 sí 12, ó sì sábà máa ń fi ọdún kan sinmi kí ó tó tún lóyún, nígbà tí ọmọ tó ń bí lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ju 17 lọ, tí ó sì lè má ju 4 lọ nígbà mìíràn. Àgbéyẹ̀wò kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé jáde ní ọdún 2021 fi hàn pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo irú àkurákudà àti àwọn ìbátan wọn lọ tí ìparun ń dojú kọ báyìí, pípa wọ́n ní àpajù sì ni olórí okùnfà rẹ̀. Ẹranko tó ń bímọ díẹ̀, tó sì ń pẹ́ kí ó tó bímọ, kò lè yára dí àlàfo tí àwọ̀n bá dá sílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù fún un ni kí ìwọ̀nba ọmọ tó bí yè.

Gígùn ọmọ lemon shark tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò ju nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ti pé, ó sì lè ṣọdẹ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbé e lé ọwọ́, tí a yí ikùn rẹ̀ sókè, tí a sì wo àárín lẹ́bẹ́ méjèèjì tó wà níbi àyà rẹ̀, a óò rí ojú kékeré kan tí kò tíì dí. Ìdodo ni, ojú ibi tí ìwọ́ ti so ó mọ́ ìyá rẹ̀ nínú oyún, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún ọmọ ènìyàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú náà á pa dé, á sì ku àpá tín-ín-rín. Àwọn olùwádìí kì í fi ojú kékeré wo ìdodo yìí, nítorí pé ọmọ tí ìdodo rẹ̀ kò tíì jiná kò lè ti ọ̀nà jíjìn wá: nítòsí ibi tí wọ́n ti rí i ni wọ́n bí i sí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà “ibi ìtọ́mọ” ti lè ṣì wá lọ́nà. Kò sí ìyá kankan tó ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Ìyá àkurákudà á wọ inú omi tí kò jìn, á bímọ, á sì padà sí ojú òkun láìwẹ̀yìn. Bí ó bá tilẹ̀ dúró pẹ́, òun gan-an lè di ewu fún àwọn ọmọ náà, nítorí pé àkurákudà ńlá a máa jẹ kékeré. Omi tí kò jìn, ẹrẹ̀, gbòǹgbò igi àti àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó kún ibẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú tí ìyá kò ṣe. Kì í sì í ṣe gbogbo ibi tí a bá ti rí ọmọ àkurákudà kan tàbí méjì ni a lè fún ní orúkọ yìí. Láti ọdún 2007 ni àwọn onímọ̀ ti ń lo òṣùwọ̀n kan tó rọrùn láti lóye: kí àwọn ọmọ pọ̀ níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe pọ̀ ní àyíká yòókù lọ, kí wọ́n máa dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ tàbí kí wọ́n máa padà síbẹ̀, kí ibẹ̀ sì jẹ́ ibi tí wọ́n ń lò láti ọdún dé ọdún. Mo fẹ́ràn òṣùwọ̀n yìí nítorí pé apẹja tó ti ń na àwọ̀n sí ẹnu odò kan fún ogún ọdún lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkàwé, bí ẹnì kan bá lè jókòó tì í kí ó sì béèrè.

Kí wá ni igi ń ṣe nínú rẹ̀? Erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bimini, ní orílẹ̀-èdè Bahamas, ni wọ́n ti tọpa ọ̀rọ̀ yìí dáadáa jù lọ. Ibẹ̀ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Samuel Gruber, dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ sí ní ọdún 1990, ibùdó náà sì wà títí di òní. Nígbà tí omi òkun bá fà sẹ́yìn, àwọn ọmọ lemon shark máa ń wà nínú omi pẹrẹsẹ tí kò jìn, níbi tí àwọn àgbà kò lè dé nítorí títóbi ara wọn. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí omi bá ń kún, nítorí pé bí omi ṣe ń jìn sí i ni ọ̀nà ń ṣí fún àwọn tó ń pa wọ́n jẹ. Nígbà náà ni àwọn ọmọ á wọ abẹ́ igi. Igi máńgírófù kan wà tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ti ara igi jáde lókè ẹrẹ̀, tí ó ń tẹ̀ wá sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, tí ọ̀kan á ré kọjá ara ọ̀kan títí wọn á fi di ọgbà. Ẹja tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà kan lè yọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹja tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́ta kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ọmọ náà ṣe ń tẹ̀lé omi wọlé, tí ó sì ń tẹ̀lé e jáde, lójoojúmọ́, fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí kì í sì í jìnnà sí ibi kan náà.

Abẹ́ igi yìí kan náà ni oúnjẹ wà. Ewé tó ń já bọ́ ń jẹrà nínú ẹrẹ̀, akàn àti edé ń jẹ ẹ́, ẹja wẹ́wẹ́ ń jẹ edé, ọmọ àkurákudà sì ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́ àti akàn. Gbòǹgbò náà tún ń dá ẹrẹ̀ tí odò gbé wá dúró, kí ó má baà lọ bo koríko abẹ́ òkun àti iyùn tó wà níwájú, èyí tí àkurákudà yóò nílò nígbà tó bá dàgbà díẹ̀ sí i. Pẹ̀lú gbogbo ààbò yìí, ikú ṣì pọ̀: ní Bimini, ọdún kan lè kọjá kí ó ju ìdajì àwọn ọmọ ibi kan lọ tó kú. Nítorí náà, ohun kékeré tó bá dín ààbò náà kù lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi ní apá kan erékùṣù náà, tí wọ́n sì gé máńgírófù láti kọ́ ilé ìgbafẹ́, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé iye ọmọ tó ń la ọdún àkọ́kọ́ já dínkù, koríko abẹ́ òkun náà sì dínkù.

Mo gbọ́dọ̀ ṣe àlàyé kan níbí kí a má baà sọ àsọdùn, nítorí pé àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo àkurákudà ni máńgírófù bí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ló wà tó jẹ́ pé ojú agbami tàbí ibú dúdú ni wọ́n ń bímọ sí, tí wọn kò sì ní fojú kan ẹ̀ka máńgírófù títí wọn yóò fi kú. Àwọn mìíràn ń lo etíkun oníyanrìn tàbí koríko abẹ́ òkun. Kódà nínú àwọn tó ń lo àgbègbè máńgírófù, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó kò dọ́gba. Ní àwọn erékùṣù Galápagos, ọmọ àkurákudà tí ṣóńṣó lẹ́bẹ́ rẹ̀ dúdú ń gbé inú àwọn ìyawọ̀ òkun kéékèèké tí máńgírófù yí ká. Ní ẹnu odò Rewa ní Fiji, àwọn ọmọ àkurákudà olórí òòlù, tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, kà mọ́ àwọn tó wà létí ìparun pátápátá, ń gbé inú omi ríru tí ẹrẹ̀ ti sọ di dúdú ní ìsàlẹ̀ igbó náà. Omi tí ojú kò lè là kọjá ni ibi ìfarapamọ́ tiwọn, igbó sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nípa dídá ẹrẹ̀ dúró àti bíbọ́ ẹja wẹ́wẹ́. Ìbátan àkurákudà kan, ẹja aláyùn, tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ayùn káfíńtà, so mọ́ igi náà jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ya àgbègbè sọ́tọ̀ fún un ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Florida ní ọdún 2009, ohun méjì tí wọ́n fi dá ibi tí ọmọ rẹ̀ nílò mọ̀ ni máńgírófù pupa àti omi tí kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àtúnṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú àkurákudà tó ń bímọ ní etí omi tirẹ̀, àti apá ibi tó ń lò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo igi náà. Ohun ìyanu ni pé òun náà, bí àkurákudà, ń bí ọmọ láàyè. Èso ọ̀pọ̀ nínú àwọn máńgírófù kì í jábọ́ gẹ́gẹ́ bí kóró. Orí ìyá rẹ̀ ni yóò ti hù, tí yóò gùn bí ọ̀pá ewé, kí ó tó já sínú omi. Yóò léfòó, omi yóò gbé e kiri fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ púpọ̀, títí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan ẹrẹ̀ níbi tí omi ti ń fà, tí yóò sì ta gbòǹgbò. Ẹrẹ̀ yìí kò ní afẹ́fẹ́ nínú, nítorí náà gbòǹgbò igi náà ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó fi ń mí nígbà tí omi bá fà. Èyí ni kókó tí gbogbo àtúnṣe rọ̀ mọ́: máńgírófù fẹ́ràn omi, ṣùgbọ́n omi lè pa á. Ó nílò ibi tí omi ti ń kún tí ó sì ń fà, tí àpapọ̀ àkókò tí omi fi ń bò ó kò ju nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 lọ. Bí a bá gbìn ín sí ibi tí ó rẹlẹ̀ jù, yóò rì. Bí ibẹ̀ bá sì ga jù, iyọ̀ tàbí ọ̀dá yóò pa á, tàbí kí igi orí ilẹ̀ borí rẹ̀. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan péré lè ya igbó sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tí igi kankan kò ní hù sí láéláé.

Nígbà tí FAO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe ìṣirò, wọ́n rí i pé nǹkan bí 14.8 mílíọ̀nù hẹ́kítà máńgírófù ló wà láyé ní ọdún 2020, àti pé nǹkan bí 677,000 hẹ́kítà ló ti pòórá láàárín ọdún 2000 sí 2020. Gígé igi fún ìdáná àti ilé kíkọ́ wà nínú ohun tó fà á, ṣùgbọ́n sísin edé àti ẹja nínú adágún ló ṣíwájú nínú iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tó pa á run. Oníṣẹ́ á gé igbó, á mọ bèbè iyẹ̀pẹ̀ yí ibẹ̀ ká, á dá omi dúró, á sì sin edé fún ọdún bíi mélòó kan títí àrùn tàbí ilẹ̀ kíkan yóò fi lé e lọ. Adágún á di ahoro, bèbè kò ní kúrò. Omi òkun á máa kún, á máa fà, lẹ́yìn bèbè náà. Ọmọ máńgírófù á léfòó dé ibẹ̀, kò ní rí ọ̀nà wọlé, ọmọ ẹja náà kò sì ní rí ọ̀nà.

Bí a bá gbé ibi tó rí báyìí síwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni kí wọ́n lọ gbin igi. Ó yé mi. Igi gbígbìn ṣeé kà, ó ṣeé yà ní fọ́tò, ó sì ń mú inú àwọn ọmọ ilé ìwé dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí àkọsílẹ̀ fi hàn dunni. Ní Philippines, níbi tí wọ́n ti náwó púpọ̀ sí gbígbìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àgbéyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé ìdá 10 sí 20 nínú 100 péré ló ń yè. Ní Sri Lanka, lẹ́yìn omíyalé ńlá (tsunami) ti ọdún 2004, wọ́n gbin máńgírófù sí nǹkan bí 1,000 sí 1,200 hẹ́kítà. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà lọ yẹ ibi 23 wò, nǹkan bí 200 sí 220 hẹ́kítà ló kù tí igi wà, ibi mẹ́sàn-án kò sì ní igi kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra níbi gbogbo. Ilẹ̀ tí máńgírófù fẹ́ ti ní ẹni tó ni ín, nítorí náà wọ́n gbìn ín sí ẹrẹ̀ gbalasa tí kò ní ẹni tó ni ín, níbi tí omi ti ń bò ó jù. Irú kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ tóbi tí ó sì rọrùn láti kì bọlẹ̀ ni wọ́n sì gbìn, ì báà bá ibẹ̀ mu tàbí kó má bá a mu, lẹ́yìn náà kò sí ẹni tó padà wá wò ó.

Nígbà mìíràn, irú gbígbìn bẹ́ẹ̀ ń ṣe ìpalára. Ẹrẹ̀ gbalasa tó dà bí ilẹ̀ òfìfo lójú wa ni ọmọ àkurákudà ti ń jẹun nígbà tí omi bá kún, koríko abẹ́ òkun sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ki ọ̀pá igi 10,000 bọ inú rẹ̀ lè máa ba ibi ìtọ́mọ jẹ́ lórúkọ àtúnṣe.

Ọ̀nà tó sàn jù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè: kí ló ń dí igbó lọ́wọ́ láti padà fúnra rẹ̀? Roy Lewis, onímọ̀ nípa àwọn ewéko inú omi ní Florida, ló tẹnu mọ́ ìbéèrè yìí jù lọ. Ó fi hàn níbi tí wọ́n ń pè ní West Lake pé bí wọ́n bá tún gíga ilẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì ṣí ọ̀nà omi, gbogbo irú máńgírófù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Florida yóò wá láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Wọ́n ń kọ́kọ́ wo igbó tó ṣì yè nítòsí, wọ́n á wọn bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ga sí, wọ́n á wo iye ìgbà tí omi ń bò ó lóṣù, wọ́n á sì fi ibi tó bàjẹ́ wé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé bèbè ní àwọn ibi tí odò kéékèèké ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí omi ṣe ìyókù. Ìgbà tí ọdún kan tàbí méjì bá kọjá tí ọmọ igi kò wá, nítorí pé igi ìyá ti jìnnà jù, ni wọ́n á tó gbìn. Ní erékùṣù Tanakeke ní Indonesia, àwọn ará abúlé fúnra wọn gé bèbè adágún edé tó ti di ahoro láti fi ọ̀nà yìí dá igbó padà.

Fún ọmọ àkurákudà, àwọn ojú omi kéékèèké yìí, ìyẹn odò kéékèèké tó ń gba inú igbó kọjá, ṣe pàtàkì bí igi ṣe ṣe pàtàkì. Igbó tó dí gbọn-in tí kò ní ojú omi nínú jẹ́ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Ojú omi náà ni ẹja ń gbà wọlé nígbà tí omi bá ń kún, òun náà ni ó ń gbà jáde kí ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn lára. Èrò tèmi ni pé bí owó iṣẹ́ kan bá tó fún ohun kan ṣoṣo, kí wọ́n fi ṣí omi.

Ta ló wá yẹ kó pinnu ibi tí wọn yóò ti ṣí i? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ “ará ìlú ló ń ṣíwájú” ti ní ìtumọ̀, tàbí kí ó má ní. Bí àjọ kan bá wá pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ti yà tán, tí wọ́n sì san owó iṣẹ́ ojúmọ́ fún ará abúlé láti gbẹ́ ilẹ̀, alágbàṣe ni ará abúlé náà, kì í ṣe aṣíwájú. Ohun tí mo ń pè ní ìṣíwájú ni pé àwọn tó ń gbé etí omi náà ló mú ibi tí wọn yóò tún ṣe, wọ́n mọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí i, ọwọ́ wọn ni ètò owó rẹ̀ wà, wọ́n sì lè sọ pé rárá. Ìmọ̀ wọn kò ṣeé rọ́pò. Ẹni tó ń ṣa akàn ló mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti le tó láti gba gbòǹgbò. Àgbà apẹja ló rántí ibi tí ojú omi wà kí wọ́n tó mọ bèbè, ó sì mọ oṣù tí ọmọ àkurákudà ń há sínú àwọ̀n. Nítorí pé obìnrin ló sábà máa ń ṣa akàn àti ìgbín òkun níbi tí ọkùnrin kì í dé, ìpàdé tí kò bá sí obìnrin níbẹ̀ ti pàdánù ìdajì ìmọ̀ náà.

Ìnáwó àti àǹfààní gbọ́dọ̀ bára mu pẹ̀lú. Ní Gazi ní orílẹ̀-èdè Kenya, àwọn ará abúlé ń tọ́jú 117 hẹ́kítà máńgírófù lábẹ́ ètò kan tí wọ́n sọ ní Mikoko Pamoja, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013. Máńgírófù ń kó kábọ́ọ̀nù, ohun inú èéfín tó ń mú kí ayé gbóná, pamọ́ sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì ń ta ẹ̀rí ìpamọ́ náà fún àwọn tó fẹ́ ṣe ètùtù fún èéfín tí wọ́n ń tú sáfẹ́fẹ́. Owó rẹ̀ ti mú omi ẹ̀rọ wọ abúlé, ó sì ti ran ilé ìwé lọ́wọ́. Kì í ṣe nítorí àkurákudà ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé igbó lè máa san owó fún ẹni tó fi í sílẹ̀ láìgé. Ní Fiji, àwọn ìdílé ìbílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ìpẹja lórí ojú omi tí wọ́n ń pè ní qoliqoli. Láti ọdún 2004, àwọn abúlé kan níbẹ̀ ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ ìpẹja wọn ní ibì kan tí àwọn àgbà àkurákudà ń péjọ sí, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi láti wò wọ́n. Níbi tí ẹ̀tọ́ bá ti dájú báyìí, ìpinnu abúlé ní agbára. Níbi tí kò bá ti dájú, àwọn ènìyàn lè fi ọdún mẹ́wàá tún igbó ṣe kí ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ tó wá lé wọn.

Ẹ̀tọ́ ìpẹja yìí ló mú wa dé ibi tó le jù. Igbó lè padà kí àkurákudà má padà, bí àwọ̀n bá ṣì na kọjá ẹnu ojú omi ní oṣù tí wọ́n ń bímọ. Ọmọ àkurákudà olórí òòlù kì í pẹ́ kú nínú àwọ̀n. Kí apẹja tó dé láàárọ̀, ó ti kú. Kò sí igi tó lè tún ìyẹn ṣe. Ohun tó lè tún un ṣe ni kí àwọn apẹja fohùn ṣọ̀kan láti ká àwọ̀n kúrò ní ojú omi kan pàtó fún oṣù mélòó kan, tàbí kí wọ́n máa yẹ àwọ̀n wò léraléra, kí wọ́n sì tú èyí tó bá wà láàyè sílẹ̀. Oúnjẹ ilé wọn ni wọ́n ń fi dù ú, nítorí náà ẹni tó bá ń bẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ bá wọn ṣètò ohun tí wọn yóò jẹ lóṣù wọ̀nyẹn. Ìdí nìyí tí òfin tó ti ọ̀nà jíjìn wá kì í fi í dúró ní etí omi, nígbà tí àdéhùn láàárín aládùúgbò sí aládùúgbò, tí ẹni tó bá rú u mọ̀ pé òun yóò rí ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lè pẹ́ títí.

Báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ náà ń lọ déédéé? Iye igi tí wọ́n gbìn kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ènìyàn lè fojú rí igi tó ti ga, akàn tó ti gbẹ́ ihò, àti ẹja wẹ́wẹ́ tó ń wọlé pẹ̀lú omi. Àkurákudà gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Bimini, àwọn olùwádìí fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ẹ̀yà ara kékeré lára àwọn ọmọ lemon shark kí wọ́n lè fi àbùdá wọn mọ ìyá tó bí èwo, wọ́n sì rí i pé àwọn abo tí wọ́n bí síbẹ̀ láàárín ọdún 1993 sí 1997 padà wá bímọ síbẹ̀ kan náà lẹ́yìn ọdún 14 sí 17. Èyí túmọ̀ sí pé níbi tí irú àṣà yìí bá wà, tí wọ́n bá sì ba ibi ìtọ́mọ jẹ́, kì í ṣe ọmọ ọdún náà nìkan ni wọ́n pàdánù. Àwọn abo tí ì bá padà wá ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i náà ti lọ. Ó tún túmọ̀ sí pé ọmọ tí igbó tuntun bá gbà là lónìí lè má fi ara hàn gẹ́gẹ́ bí ìyá títí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń wo iṣẹ́ náà yóò fi di òbí.

Nítorí náà, ohun èlò tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn ṣọ́bìrì ni ìwé àkọsílẹ̀ kan tí abúlé fúnra wọn ń tọ́jú. Kò nílò ju ìlà kan lọ fún ọmọ àkurákudà kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́ sọ́wọ́ apẹja: ọjọ́ tí wọ́n rí i, ojú omi tí wọ́n ti rí i, irú rẹ̀, gígùn rẹ̀ láti imú dé ìrù, bóyá ó wà láàyè nígbà tí wọ́n dá a padà sómi, àti bóyá ìdodo rẹ̀ ti jiná tàbí ó ṣì wà ní ṣíṣí.